Ṣé dandan ni ráútà fún ààbò kọ̀ǹpútà inú ilé? Ohun tó yẹ kí ará Mowe, Ibafo àti Ifo mọ̀

Ẹni tó bá dúró ní Mowe lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó kọjá sí Ibafo tó múlé gbè é, tàbí tó gba ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta dé Ifo, á rí i pé àwọn tó ń ta SIM àti ẹ̀rọ Wi-Fi kò níye. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kó kúrò l'Ékòó wá kọ́lé sí agbègbè yìí ò fi iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe l'Ékòó sílẹ̀. Inú yàrá ni wọ́n ti ń ṣe é láwọn ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, nítorí pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà márosẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fẹ́ bá pàdé láràárọ̀. Kọ̀ǹpútà ti di irinṣẹ́ nínú ilé, ìbéèrè kan sì máa ń jẹ yọ níbi tí wọ́n bá ti ń ná ẹ̀rọ Wi-Fi: tí mo bá so kọ̀ǹpútà mi mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì láìní ráútà, ṣé àwọn olè orí ayélujára ò ní wọlé sí i? Ọlọ́jà á ní wọ́n á wọlé, ẹ yáa ra ráútà. Ẹlòmíì tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ á ní irọ́ ni, owó ló ń wá.

Ìdajì òótọ́ ló wà lẹ́nu ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ráútà ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ààbò rẹ̀ ní ibi tó mọ. Ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò ni pé ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè yìí ló ti ní ráútà láìmọ̀, àti pé ráútà tí a kò tọ́jú lè ṣe èèyàn ní jàǹbá tó ju ti àìní ráútà lọ.

Kí ni ráútà ń ṣe gan-an?

Gbogbo ẹ̀rọ tó bá fẹ́ bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló gbọ́dọ̀ ní adírẹ́sì, nọ́ńbà ni adírẹ́sì yìí. Ètò adírẹ́sì tí èyí tó pọ̀ jù nínú wa ṣì ń lò dòní, ọdún 1981 ni wọ́n gbé e kalẹ̀, gbogbo adírẹ́sì tó sì wà nínú rẹ̀ kò ju bílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ lọ. Nígbà tó jẹ́ pé yunifásítì àti iléeṣẹ́ ológun ló pọ̀ jù nínú àwọn tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ta ló máa rò pé kò ní kárí? Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sókè, ó ti hàn gbangba pé adírẹ́sì máa tán. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1994, Kjeld Egevang àti Paul Francis tẹ ìwé kan jáde lórí ọgbọ́n tí wọ́n pè ní NAT. Ọgbọ́n náà ni pé kí ráútà nìkan ní adírẹ́sì tí gbogbo ayé mọ̀, kí àwọn ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ máa lo adírẹ́sì abẹ́lé tí kò kọjá ẹnu ọ̀nà ilé. Adírẹ́sì abẹ́lé yìí lẹ ń rí lórí kọ̀ǹpútà àti fóònù yín tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 tàbí 10.

Ẹ fojú inú wo ọlọ́dẹ tó wà lẹ́nu géètì ẹ́sítéètì. Tí ẹ bá pe oníṣẹ́ iná kan, tí ẹ sì ti sọ fún ọlọ́dẹ pé ẹ ń retí rẹ̀, á jẹ́ kó wọlé, á sì júwe ilé yín fún un. Àjèjì tó kàn dédé yọ, tí ẹnikẹ́ni ò retí, tí kò sì lè sọ ilé tó ń lọ, ìta ló máa dúró sí. Bí NAT ṣe ń ṣe nìyẹn. Kọ̀ǹpútà yín ló kọ́kọ́ béèrè fún ìwé ìròyìn tàbí fídíò kan. Ráútà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kọ̀ǹpútà báyìí ló béèrè nǹkan báyìí lọ́wọ́ ẹni báyìí. Tí èsì bá dé, ó mọ ẹni tó ni ín, á gbé e fún un. Èyí tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò béèrè, kò mọ ẹni tó fẹ́ gbé e fún, á dà á nù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: àìtó adírẹ́sì ló bí NAT, kì í ṣe ọ̀rọ̀ olè. Ààbò kàn bá a wá ni. Ọ̀pọ̀ ráútà òde òní ti wá ní firewall tiwọn ní àfikún, ìyẹn ètò tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ láti yẹ ohun tó ń wọlé wò kó sì dá èyí tí kò yẹ padà.

Ibi tí ìgbàgbọ́ náà ti wá

Àwọn tó ń sọ pé kọ̀ǹpútà tí kò ní ráútà ti di ẹran ìjẹ kò ṣàdédé sọ ọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Blaster gba ayé kan. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni ṣí lẹ́tà tàbí tẹ ohunkóhun. Ṣe ló ń rìn kiri láti adírẹ́sì kan sí òmíràn, ó ń wá kọ̀ǹpútà Windows 2000 àti Windows XP tí kò tíì gba àtúnṣe tí Microsoft gbé jáde ní oṣù Keje ọdún yẹn. Èyí tó bá ti bá, ó wọ inú rẹ̀ lọ, kọ̀ǹpútà náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá kan tẹ̀ lé òmíràn, á pa ara rẹ̀, á tún tan ara rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní ìparí oṣù Kẹrin, Sasser dé. Sven Jaschan, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Jámánì kan, ló kọ ọ́. Sasser dí àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Britain lọ́wọ́ débi pé wọ́n padà sórí máàpù orí bébà.

Lásìkò yẹn, ẹni tó bá so kọ̀ǹpútà tuntun mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì tààrà lè ti kó kòkòrò kó tó ráyè gba àtúnṣe tó yẹ kó dáàbò bò ó. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà lẹ́yìn ráútà ò rí nǹkan kan. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti fìdí múlẹ̀, òótọ́ sì ni nígbà náà.

Àmọ́ nǹkan yí padà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2004. Microsoft gbé àtúnṣe ńlá kejì jáde fún Windows XP, wọ́n sì tan firewall tó wà nínú rẹ̀ fúnra wọn, láìdúró kí oníkọ̀ǹpútà máa wá a kiri. Láti ìgbà náà, Windows kọ̀ọ̀kan tó ti jáde ló ń gbé firewall tirẹ̀ dání, títàn ló sì wà. Iṣẹ́ tí ráútà nìkan ń ṣe tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà náà ti ń ṣe é fún ara rẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń fi ojú ọdún 2003 wo ayé.

Ó yẹ ká tún rántí pé ìrírí tiwa ní Nàìjíríà yàtọ̀. Lọ́dún 2003, GSM kò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ láàárín wa, cybercafé ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń rí íntánẹ́ẹ̀tì. Flash ni kòkòrò fi ń rìn láti kọ̀ǹpútà dé kọ̀ǹpútà: akẹ́kọ̀ọ́ gbé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ lọ tẹ̀ ní business centre, ó gbé kòkòrò bọ̀ wálé. Ráútà ò mọ ohunkóhun nípa flash.

Lẹ́yìn náà ni WannaCry wá fi hàn pé géètì nìkan ò tó. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò yìí ti fáìlì pa mọ́ àwọn èèyàn lójú lórí kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ní orílẹ̀-èdè tó tó 150, ó ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Nínú àjọ ìlera ìjọba ilẹ̀ England, ó kéré tán, ẹ̀ka 80 nínú 236 ló kan. Kì í ṣe pé ibẹ̀ kò ní ráútà tàbí firewall. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó bá ti kó o nínú ilé ló ń kó o ran àwọn tó kù, láti inú lọ sí inú, níbi tí ọlọ́dẹ ẹnu géètì ò ti ní ọ̀rọ̀ sọ. Àtúnṣe tí ì bá dá a dúró ti wà nílẹ̀ láti oṣù Kẹta ọdún yẹn. Àwọn tó ṣe update sùn dáadáa.

MiFi yẹn, ráútà ni

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Báwo ni íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń wọ yàrá wa ní Mowe, Ibafo àti Ifo? Ilé tí wáyà fáíbà wọ̀ ṣì kéré. SIM ni ọ̀pọ̀ wa gbẹ́kẹ̀ lé: SIM inú fóònù, SIM inú MiFi, SIM inú ẹ̀rọ Wi-Fi 4G tàbí 5G tí MTN, Airtel àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ń tà. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023 tí Starlink ti wọ Nàìjíríà, àwọn kan ti gbé àwo rẹ̀ sórí òrùlé, pàápàá níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti rinlẹ̀.

MiFi tó wà nínú báàgì yín, ráútà ni. Ó kéré, bátìrì ló ń lò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo ṣàlàyé lókè gan-an ló ń ṣe. Ẹ̀rọ Wi-Fi 5G tó wà lórí tábìlì, ráútà ni. Èyí tó bá àwo Starlink wá, ráútà ni. Kódà fóònù yín, tí ẹ bá ti tan hotspot rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, ó di ráútà títí ẹ ó fi pa á: òun ló ń fún kọ̀ǹpútà ní adírẹ́sì abẹ́lé, òun ló sì ń fi adírẹ́sì tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀ kí ìbéèrè yín tó jáde. Ẹni tó ń lo ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, tí wọ́n wá ní kó lọ ra ráútà nítorí ààbò, ohun tó ti ní ni wọ́n fẹ́ tún tà fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ díẹ̀ ni modem USB, èyí tí wọ́n máa ń ki bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn kan lára wọn ń ṣe bíi ráútà. Àwọn ti àtijọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀: adírẹ́sì tí iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá fún SIM, kọ̀ǹpútà náà ló ń gbà á tààrà. Síbẹ̀, adírẹ́sì tí wọ́n ń fún SIM kì í sábà jẹ́ ti gbogbo ayé. AFRINIC, àjọ tó ń pín adírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì fún ilẹ̀ Áfíríkà láti orílẹ̀-èdè Mauritius, ti wọ ìpele ìkẹyìn nínú pípín ìwọ̀nba adírẹ́sì àtijọ́ tó kù láti oṣù Kìíní ọdún 2020. Àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò lè rí adírẹ́sì kọ̀ọ̀kan fún SIM kọ̀ọ̀kan, torí náà wọ́n ń ṣe NAT tiwọn, wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ adírẹ́sì kan. Starlink náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ilé.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ ṣí ojú ìwé ìṣàkóso ẹ̀rọ Wi-Fi yín, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ WAN IP sí. Tí nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, tàbí pẹ̀lú 100 tí èyí tó tẹ̀ lé e sì wà láàárín 64 sí 127, a jẹ́ pé ẹ̀yin àti iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì jọ ń ṣe NAT ni. Àjèjì tó wà lókè òkun kò lè kàn dédé kan kọ̀ǹpútà yín lára.

Ìṣòro tí èyí ń fà ni àwọn tó fi kámẹ́rà CCTV sílé mọ̀ jù. Wọ́n fẹ́ máa wo ẹnu géètì wọn láti ibi iṣẹ́ l'Ékòó, oníṣẹ́ kámẹ́rà á ní àfi kí wọ́n san owó adírẹ́sì gbogbo ayé, kí òun sì ṣí ojú ọ̀nà kan lára ráútà. Ẹ mọ̀ pé ohun tí ẹ ń ṣe nìyẹn: ẹ ń yọ ààbò tí ẹ ti ní láìsanwó kúrò, ẹ tún ń sanwó lé e. Kámẹ́rà tó bá ń gba ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ṣe é kó tó dé orí fóònù yín kò nílò ojú ọ̀nà ṣíṣí. Tó bá di dandan kí ẹ ṣí i, ẹ kọ́kọ́ yí páásìwọ́ọ̀dù kámẹ́rà náà padà. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ló kàn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Liberia

Lọ́dún 2016, iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Lonestar, ti àwọn MTN ní Liberia, bọ́ sínú wàhálà. Òbítíbitì ìbéèrè tí kò nítumọ̀ ń rọ́ lù ú láti ibi gbogbo láyé, débi pé àwọn oníbàárà tó ní iṣẹ́ gidi láti ṣe ò rí ọ̀nà gbà. Àjọ tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn ní Britain, NCA, sọ pé nígbà tó di oṣù Kọkànlá, ìkọlù náà le débi pé ó ṣèdíwọ́ fún íntánẹ́ẹ̀tì Liberia lápapọ̀. Ẹni tó wà nídìí rẹ̀ ni Daniel Kaye, ọmọ ilẹ̀ Britain, tí òṣìṣẹ́ àgbà kan ní iléeṣẹ́ tó ń bá Lonestar du ọjà ń sanwó fún. Wọ́n mú un ní pápákọ̀ òfurufú Luton ní oṣù Kejì ọdún 2017, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ ní London ní oṣù Kìíní ọdún 2019.

Kọ̀ǹpútà ta ló wá fi ṣe é? Ìyẹn ló yẹ kó kan ará Mowe. Kámẹ́rà àti ráútà inú ilé àwọn èèyàn ló fi ṣe é, àwọn tí kò mọ Liberia rí, tí kò sì mọ̀ pé ẹ̀rọ àwọn ń jà lójú ogun. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Mirai ló kó gbogbo wọn jọ. Mirai ò ní ọgbọ́n kan tó jinlẹ̀. Ṣe ló ń rìn kiri íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń wá ẹ̀rọ tó ṣí sílẹ̀, ó sì ń dán orúkọ àti páásìwọ́ọ̀dù tó lé díẹ̀ ní 60 wò lára wọn, èyí tí iléeṣẹ́ tó ṣe wọ́n fi sí wọn lára láti ilé wá: admin àti admin, root àti 12345, support àti support. Ẹ̀rọ tí ẹni tó rà á kò bá yí páásìwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà, ó ti di ti Mirai.

Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 2016 kan náà, irú kòkòrò yìí gbìyànjú láti wọ ráútà àwọn oníbàárà Deutsche Telekom ní Jámánì. Bó ṣe ń gbìyànjú ni ráútà wọn ń dá kú, nǹkan bí 900,000 oníbàárà ló sì wà láìní íntánẹ́ẹ̀tì dáadáa. Kaye náà ló wà nídìí èyí, ó sì jẹ́wọ́ níwájú ilé ẹjọ́ Jámánì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, wọ́n tún rí kòkòrò mìíràn, VPNFilter, lára ráútà tó tó 500,000, ó kéré tán, ní orílẹ̀-èdè 54. Linksys, Netgear, TP-Link àti MikroTik wà lára àwọn tó kan. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta Wi-Fi oní-voucher fún akẹ́kọ̀ọ́ mọ MikroTik bí ẹni mowó.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ráútà tó ti kó kòkòrò kì í ké. Íntánẹ́ẹ̀tì á ṣì máa ṣiṣẹ́, fíìmù á ṣì máa ṣeré. Ó lè fa ẹsẹ̀ díẹ̀, kí dátà tètè tán, ẹ ó sì máa bínú sí iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ẹ yí i padà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀

Ẹ mú MiFi yín, ẹ ṣí ibi tí bátìrì wà. Lára ọ̀pọ̀ MiFi Huawei, sítíkà kékeré kan wà níbẹ̀: IMEI, orúkọ Wi-Fi, WIFI KEY, adírẹ́sì 192.168.8.1, àti ọ̀rọ̀ náà admin. Páásìwọ́ọ̀dù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ń wò yẹn. WIFI KEY ni ẹ ń fún àlejò kó lè wọ orí Wi-Fi. Admin ni kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń yí ètò inú ẹ̀rọ náà padà. Ọ̀pọ̀ wa ń yí ti àkọ́kọ́ torí a ò fẹ́ kí aládùúgbò máa jẹ dátà wa. Èkejì, a kì í rántí rẹ̀.

Èkejì yìí gan-an ló léwu jù. Ẹni tó bá di admin lè yí ohun tí wọ́n ń pè ní DNS padà, ìyẹn ìwé tí ẹ̀rọ fi ń mọ adírẹ́sì tó bá orúkọ ìkànnì kọ̀ọ̀kan mu. Ẹ ó tẹ orúkọ bánkì yín, ìkànnì ayédèrú ló máa gbé yín lọ. Àwọn ọ̀daràn kan láti Estonia ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin kọ̀ǹpútà kí FBI tó mú wọn ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011. DNSChanger ni wọ́n ń pe kòkòrò wọn, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ráútà inú ilé pẹ̀lú páásìwọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni ò yí padà.

Ẹ tẹ 192.168.8.1, tàbí èyí tí sítíkà tiyín bá kọ, síbi tí ẹ ti ń tẹ orúkọ ìkànnì. Ẹ wọlé, ẹ yí páásìwọ́ọ̀dù admin sí gbólóhùn gígùn kan tí ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀. Níbi ètò Wi-Fi, ẹ yan WPA2 tàbí WPA3. WEP ti bàjẹ́ láti ọdún 2001, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣì máa lò ó. Ẹ pa WPS, ètò tó ń jẹ́ kí wọ́n wọ Wi-Fi láìtẹ páásìwọ́ọ̀dù, torí wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń já a láti ọdún 2011. Ẹ pa ètò tó ń jẹ́ kí wọ́n ṣàkóso ráútà láti ìta. Kí ẹ tó jáde, ẹ wo ibi update. Gbogbo rẹ̀ ò gbà ju kí iná dé kó tún lọ.

Ẹni tó bá ra ráútà tòkunbọ̀, ẹ fi ohun ẹnu ṣóńṣó tẹ ihò reset rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí á fi pa, kó padà sí bó ṣe wà nígbà tó jáde láti iléeṣẹ́, kí ẹ tó fi SIM sí i. Ẹ ò mọ ètò tí ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ibi tí ọwọ́ ráútà ò tó

Ilé oníyàrá púpọ̀ wà tí àwọn àyálégbé ti ń dá owó dátà jọ, tí gbogbo wọn wà lórí Wi-Fi kan. Lẹ́yìn géètì kan náà ni gbogbo yín wà. Tí kọ̀ǹpútà ọ̀kan bá kó kòkòrò, àwọn tó kù wà lárọ̀ọ́wọ́tó rẹ̀. Tí Windows bá béèrè lọ́wọ́ yín bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà jẹ́ Public tàbí Private, ẹ yan Public, kódà nínú ilé tí ẹ ń gbé, àyàfi tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ wà lórí rẹ̀. Tí ráútà yín bá ní guest network, ibẹ̀ ni kí àlejò, tẹlifíṣọ̀n àti kámẹ́rà wà.

Èyí tó ń pa wá lára jù ni èyí tí àwa fúnra wa ń ṣílẹ̀kùn fún. Ẹni tó pe fóònù yín tó ní láti bánkì lòun ti ń pè, tí ẹ sì ka OTP fún un, kò gba ọ̀dọ̀ ráútà kọjá. Ìjápọ̀ orí WhatsApp tó ní ìjọba ń pín owó, ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́. Ráútà rí i pé láti inú ilé ni ìbéèrè ti wá, ó sì gbé èsì fún yín bó ṣe yẹ. Bákan náà ni Windows tàbí Office tí wọ́n fọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tó kọ ọ́ síwájú yín pé kí ẹ kọ́kọ́ pa antivirus kí ẹ tó gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Kí ló dé tó ń bẹ̀ yín kí ẹ pa ẹ̀ṣọ́?

Àpótí Android TV olówó pọ́ọ́kú náà ń kọ mí lóminú. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, FBI kìlọ̀ nípa BADBOX 2.0, kòkòrò tó ń wà lára irú àwọn àpótí bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó tà á, tàbí tó ń wọ inú wọn níbi tí ẹni tó rà á ti ń gbé app sórí rẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e, Google pe àwọn tó wà nídìí rẹ̀ lẹ́jọ́, wọ́n ní ẹ̀rọ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá ló ti kó o. Inú ilé ni ọ̀tá yìí ti ń ṣọṣẹ́, ẹ̀yin lẹ sì fi owó yín rà á wọlé.

Ọ̀rọ̀ Windows 10 ló tún kù. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró fún un. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lè rí ti ààbò gbà títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Laptop tòkunbọ̀ púpọ̀ tí a ń rà ní Computer Village Ìkẹjà kò lè gba Windows 11, nítorí pé prósẹ́sọ̀ Intel ìran kẹjọ sókè ni Microsoft ń fẹ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ìran prósẹ́sọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́jà. Tí ẹ bá ti ra ti àtijọ́, Linux bíi Ubuntu tàbí Mint jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ń gba àtúnṣe.

Ìdájọ́ tèmi nìyí. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, tí firewall rẹ̀ wà ní títàn, tó ń ṣe update, tó sì ń fi hotspot fóònù ṣiṣẹ́, kò nílò láti ra ráútà nítorí ààbò. Kó fi owó yẹn ra dátà tí yóò fi ṣe update, kó sì ra hard disk kan tó máa kó ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ilé tó ní kọ̀ǹpútà mẹ́ta, tẹlifíṣọ̀n, kámẹ́rà àti ọmọ iléèwé nílò ráútà gidi, èyí tí iléeṣẹ́ tó ṣe é ṣì ń gbé àtúnṣe jáde fún. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ti wọ àkáǹtì yín, bánkì lẹ ó kọ́kọ́ pè, lẹ́yìn náà kí ẹ fi tó ọlọ́pàá létí; òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2015, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2024.

Kí ilẹ̀ òní tó ṣú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí páásìwọ́ọ̀dù admin ẹ̀rọ Wi-Fi ilé yín padà, kí ẹ sì bá àwọn òbí yín tó wà nílé yí tiwọn.